Atẹ́gùn Inú Táyà Àsánì

Ọkọ mi, Àsánì, kì í jẹ́ kí ìjọba sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti kéde lórí rédíò, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo Ìbà. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa rìn lápá ọ̀tún, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá ni Àsánì ti bọ́ sápá ọ̀tún. Ó ní òun fi ń kọ́ra ni. Ọlọ́run ló kó òun àti ọlọ́kọ̀ àgbọn kan tó ń ti Àgbádárìgì bọ̀ yọ. Nígbà tí wọ́n tún kéde pé owó pọ́n-ùn ti kú, pé náírà ló kù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rí náírà sójú tí Àsánì ti ń bá ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ pọ́n-ùn jà. Pọ́n-ùn kan, náírà méjì. Ó kọ́ gbogbo ilé wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéú.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́ ni. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, èmi àti onítọ̀hún ni. Èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bú u, torí èmi Àwẹ̀ró ni ìyáálé ilé, èmi ni mo bí Fàúsátù àti àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e fún un.

Lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn yẹn, tí gbogbo ayé ń kọ́lé láti Ọ̀jọ́ dé Ìjànikin, Àsánì ra píkọ́ọ̀pù ńlá kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹja tútù o. Irú èyí tó ń ṣe iṣẹ́ lọ́rì ni, táyà rẹ̀ nípọn, ara rẹ̀ ga débi pé èèyàn á ká ìró sókè kó tó lè gùn ún. Sìmẹ́ǹtì ló ń fi kó láti Àpápá wá fún àwọn tó ń kọ́lé. Bí sìmẹ́ǹtì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa rìn jẹ́jẹ́. Bó bá ṣófo, kí Ọlọ́run má fi wá hàn án. Gbogbo kòtò tó bá kò ló máa ń fi tó èrò létí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo wọ̀ ọ́ lófìfo láti ilé dé Ìyànà Ìbà, gèlè mi ti di ìborùn kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo sì búra pé n ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

"Táyà tó le ni táyà," ni Àsánì máa ń wí bí a bá ń ṣàròyé. "Táyà rírọ̀, táyà ọ̀lẹ."

Ìgbà tó yá, ó fẹ́ Mùsítúrà láti Ìṣẹ́yìn. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé, mo ti dìhámọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò fún mi láyè ìjà. "Ìyáálé mi, ẹ jókòó." "Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Ta ló lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó tún bàjẹ́ lára rẹ̀ nígbà kejì, itan tèmi ló sì gbé orí lé ní ìgbà méjèèjì. Lẹ́yìn ìkejì, ó sọ fún mi pé bí òun bá tún lóyún tí ìyẹn náà lọ, òun á padà sí Ìṣẹ́yìn, torí ojú ń ti òun láti máa jẹ oúnjẹ ọkùnrin lásán. Mo bú u débi pé ẹnu ń ro mí. Nígbà tí mo bú u tán, mo wọ yàrá mi lọ, mo sunkún.

Oyún kẹta dúró. Ó wọ oṣù keje. Àsánì ti ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, èmi náà ti ń fọ aṣọ ìkókó tí mo fi gbé Fàúsátù. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, mo gbọ́ tó pè mí láti inú yàrá: "Ìyáálé mi." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára ìró rẹ̀.

Àsánì kò dúró wọ bàtà. Ó fi píkọ́ọ̀pù lọ Òkòkòmáíkò, ó lọ gbé Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyá àgbà tó ní ilé ìgbẹ̀bí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá náà fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, wọ́n fi ìkejì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Wọ́n wọlé tọ Mùsítúrà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi etí sí ikùn rẹ̀ pẹ́ títí. Ẹ̀jẹ̀ náà sì dáwọ́ dúró díẹ̀.

"Ọmọ ṣì wà láàyè," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣùgbọ́n agbára tèmi ò ká a mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lónìí. Kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ara ẹ̀ má sì gbọ̀n. Bí ara ẹ̀ bá gbọ̀n jìgìjìgì lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ yẹn á tún ya, ọmọ á sì bá a lọ."

"Ọkọ̀ wà nílẹ̀," ni Àsánì dáhùn, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Ọkọ̀ wo? Èyí tó gbé mi wá yìí? Bàbá Fàúsátù, èmi tí n ò lóyún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ sínú ọkọ̀ yẹn."

Nígbà ìyẹn, wọ́n ń fọ́ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì láti sọ ọ́ di ọ̀nà ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí. Òkúta wẹẹrẹ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ lọ rẹrẹ, òmíràn sì rèé, ó tó ìkúùkù. Bọ́ọ̀sì kì í gbà kí èèyàn dùbúlẹ̀, takisí náà á ká a kò ni. Píkọ́ọ̀pù nìkan ló láyè. Àsánì ní òun á di ẹrù sí i kó lè wúwo, kó má ta mọ́. Mo bi í pé ẹrù wo? Sìmẹ́ǹtì wà ní Àpápá, ọ̀nà ibẹ̀ náà la sì fẹ́ gbà lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ká bu yanrìn sí i nígbà náà. Òjò ti rọ̀ láti ìjẹta, ọ̀nà Ìbà rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọkọ̀ tó bá fi yanrìn kún á rì síbẹ̀ ni. Gbogbo ibi tó kọrí sí ló dí. Ó wá dúró, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Kí ló tiẹ̀ mú táyà yín le tó báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi ní irú ọkọ̀ yìí, kì í ta báyìí."

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ni mo ṣe ń géèjì ẹ̀," ni Àsánì wí. Inú ti fẹ́ máa bí i.

Nọ́ọ̀sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo irin pẹlẹbẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Pọ́n-ùn márùndínlógójì ni wọ́n kọ síbí fún táyà ẹ̀yìn, bí ọkọ̀ bá ṣófo. Èló ló wà nínú ẹ̀ báyìí?"

"Àádọ́rin. Gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Àádọ́rin kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀," ni Àsánì wí, bí ẹni tó ń mú sùúrù fún ọmọdé. "Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ló kà á sí mi létí pé márùndínlógójì. Pọ́n-ùn sì ni wọ́n kọ. Àwọn òyìnbó tó ṣe ọkọ̀ ò mọ̀ pé ìjọba wa ti pa pọ́n-ùn rẹ́. Pọ́n-ùn kan, náírà méjì. Pọ́n-ùn márùndínlógójì, náírà àádọ́rin."

Nọ́ọ̀sì wò mí, mo wo Nọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ rí i, ọkọ mi ti ń fi náírà fẹ́ táyà láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀, torí pé ìjọba ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kó má ṣe é! Ibi tí a ti ń wo ara wa la ti gbọ́ ẹ̀rín láti ojú fèrèsé. Mùsítúrà ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Má rẹ́rìn-ín!" ni Nọ́ọ̀sì pariwo. "Mo ní kí ara ẹ má gbọ̀n!" Ṣùgbọ́n èjìká tiwọn náà ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Àsánì nìkan ni kò rín. Ó ń wo táyà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti ń purọ́ fún un tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní kó lọ tú atẹ́gùn náà sílẹ̀ dáadáa, kó má kánjú. Abẹ́rẹ́ náà á mú obìnrin náà dúró fún ìgbà díẹ̀, àwọn á jókòó tì í. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n wí fún un. "Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Mo gbé báàfù tí mo fi ń fọṣọ, mo bu omi kún kẹ́ẹ̀gì kan, mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tí mo ti búra pé n ò ní wọ̀ mọ́. Àsánì béèrè ohun tí mo fẹ́ fi báàfù ṣe. Mo ní kó máa wakọ̀ lọ.

Ìyànà Ìbà ni Gbádébọ̀ fọkanáísà wà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan, lẹ́bàá ibi tí wọ́n tẹ́ òkúta sí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kì í wọ bàtà, táyà Àsánì kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó jókòó sórí táyà kan.

"Bàbá Fàúsátù, lóòdù ni mo rò pé ẹ tìtorí ẹ̀ ní àádọ́rin! Bó bá kún, àádọ́rin bá a mu, ìyẹn ni ò fi bẹ́. Àmọ́ pọ́n-ùn ti táyà kì í ṣe owó o. Agbára tí atẹ́gùn fi ń ti táyà láti inú la fi ń wọ̀n. Ìjọba kankan ò lè pa ìyẹn rẹ́."

"Ó ti yé mi," ni Àsánì wí. Kò yé e. Ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tí Gbádébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú atẹ́gùn sílẹ̀, tí táyà ń sọ pé ṣììì, Àsánì dúró lórí rẹ̀, ó ń wo géèjì. Ó dé àádọ́ta, ó ní kó tó. Ó ní táyà tó bá rọ̀ máa ń gbóná, tó bá gbóná á bẹ́, tó bá sì bẹ́ lójú ọ̀nà pẹ̀lú Mùsítúrà lẹ́yìn, jáàkì wo ló fẹ́ fi gbé ọkọ̀ sókè tí ara obìnrin náà ò ní gbọ̀n? Òótọ́ ló sọ.

Mo gbé báàfù sáàárín ẹ̀yìn ọkọ̀, mo da omi sí i títí ó fi dé etí, mo ní kí Àsánì wa ọkọ̀ gba orí òkúta lọ kó sì padà wá. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Èmi tí mo ti ń ru omi láti kékeré, mo mọ ìrìn tó ń da omi nù àti èyí tí kì í dà á nù. Ní àádọ́ta, a lọ, a bọ̀, omi tó kù nínú báàfù ò tó ìdajì, ìyókù wà lára mi.

"Omi yẹn ni Mùsítúrà," ni mo wí fún Àsánì. Ó ní kí Gbádébọ̀ dín in kù.

Bó bá jẹ́ pé rírọ̀ ló dáa, èmi náà ní kí wọ́n kúkú dín in kù pátápátá. Mo pariwo mọ́ Gbádébọ̀ títí ó fi tú u dé ogún. Mo tún bu omi kún báàfù, a tún lọ, a tún bọ̀. Ẹ̀kán omi kan ò jáde. Inú mi dùn, mo ti ń kọrin. Gbádébọ̀ ò bá mi kọrin. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Mo yára fa ọwọ́ mi padà, ó ti gbóná. Ikùn táyà náà ti yọ síta, etí òkúta sì ti ha á.

"Ìyá Fàúsátù, kẹ́ ẹ tó dé Máìlì Tuu, á bẹ́," ni Gbádébọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ wí. Ẹ̀yìn, márùndínlógójì. Iwájú, ogójì."

"Iwájú á le ju ẹ̀yìn lọ kẹ̀?" ni Àsánì wí. "Ẹ̀yìn ló ń gbẹ́rù."

"Lónìí, ẹ̀yìn ò gbé nǹkan kan ju obìnrin méjì lọ. Ẹ́ńjìnì ló wúwo jù lára ọkọ̀ báyìí, iwájú ló sì wà."

Ó géèjì ẹ̀yìn, ó géèjì iwájú. Àsánì gba géèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wọ̀n wọ́n fúnra rẹ̀. A tún gba orí òkúta náà lọ. Ọkọ̀ dìde, ó tún rọra padà sílẹ̀. Omi inú báàfù lọ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún, díẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀, ìyókù dúró. Gbádébọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà, ó ní kò gbóná. Mo da omi náà sílẹ̀, a padà sílé.

A tẹ́ fóòmù méjì léra wọn, a gbé Mùsítúrà lé e. Nọ́ọ̀sì ò lè bá wa lọ, wọ́n ti wá pè wọ́n pé aláboyún kan ń rọbí nílé ìgbẹ̀bí wọn. Mo gbé orí Mùsítúrà lé itan mi, ìgbà kẹta nìyẹn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí itan mi má tún jẹ́ ti ìbànújẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra ló di ọwọ́ mi mú.

"Ìyáálé mi, tó bá lọ, ẹ má bú mi o."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni mo wí. "Pa ojú ẹ náà dé."

Àsánì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá òun lójú ọ̀nà, ó ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, àwọn tírélà ń kọjá, wọ́n ń bú u. Ọmọ kọ́ńdọ́kítọ̀ kan tiẹ̀ bi í bóyá òkú ló gbé. Lọ́jọ́ mìíràn, Àsánì ì bá dúró bá a jà. Ó ń wo iwájú rẹ̀, ó ń wakọ̀ lọ.

Nígbà tí a dé ibi tí òkúta pọ̀ sí jù, mo di Mùsítúrà mú, mo di eyín pọ̀, mo ń retí ìkọlù. Ọkọ̀ gòkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gòkè, ó tún rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo ní "Alihamudu lilahi." Mo wo ojú Mùsítúrà láti bá a yọ̀, ojú rẹ̀ ti pa dé, ọwọ́ tó fi di tèmi mú sì ti tú. Mo pè é, kò dáhùn. Mo wo ìró rẹ̀, n ò rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣú, n ò gba ojú ara mi gbọ́. Mo fẹ́ lu gíláàsì kí Àsánì dúró. Mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀. Èémí ń jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo gbọ́ ohun kan.

Ó ń hanrun ni.

Ọmọ tí kò sùn láti àná, oorun gbé e lọ lórí òkúta ọ̀nà Àgbádárìgì. Ara mi wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ti ara ọkọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ nà, mo jẹ́ kó máa hanrun. N ò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí a dé ọgbà ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ mú bẹ́ẹ̀dì onítáyà wá. Bí wọ́n ṣe ń gbé Mùsítúrà, ó la ojú, ó wò mí, ó wo ojú ọ̀run.

"Ìyáálé mi," ni ó wí, "ṣé a ò tíì gbéra ni?"

Wọ́n gbé e wọlé, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí ikùn rẹ̀. Ó gbé e síhìn-ín. Ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, ẹ̀jẹ̀ náà ti dá, àwọn á dá ìyá rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ àwọn títí yóò fi bímọ, kò sì sí ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá mọ́.

Mo jáde lọ bá Àsánì. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò lè wọlé wá gbọ́, ó ti bọ́ fìlà sọ́wọ́. Nígbà tó rí omijé lójú mi, ó di ara ọkọ̀ mú.

"Ó wà láàyè," ni mo yára wí. "Àwọn méjèèjì wà láàyè. Ọkàn ọmọ ń lù."

Ó fi orí kanlẹ̀ níbẹ̀, nínú ọgbà ilé ìwòsàn, níwájú àwọn èèyàn. Nígbà tó dìde, yanrìn wà níwájú orí rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọ̀nà ni Mùsítúrà lára. Mo ní kó gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó la ojú.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé a ò tíì gbéra ni."

Àsánì jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti táyà. "Tún un sọ, Àwẹ̀ró," ni ó wí, ó sì di ojú. Mo jókòó tì í, mo tún un sọ.